Ẹ Bi Tafàtafà: Nígbà tí ọwọ́ òsì bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fa ọsán

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tó wà lórí tábìlì wa dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn ni kí ẹni tó ti fi ọwọ́ kan mọ ọfà ta bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kejì kọ́ ọ. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀, ibikíbi tí a bá ti sọ pé ènìyàn ń fi ọwọ́ òsì ta ọfà, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń fa ọsán, ìyẹn okùn ọrun, tí ọwọ́ ọ̀tún sì di ọrun mú. Ọrun ìbílẹ̀ ni a ń sọ, èyí tí kò ní ẹ̀rọ kankan lára.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti tó ọdún 11 báyìí tí mo ti ń ta ọfà, ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì fi ń fa ọsán láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni èjìká ọ̀tún mi ti ń dùn mí bí mo bá ti fa ọsán dé igun ẹnu. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú pààrọ̀ ọwọ́. Mo dán an wò lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ọrun mi tí agbára rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù tí ọwọ́ ń fà, jẹ́ 45 pọ́ùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọfà já bọ́ lórí ọwọ́ mi, ọsán na apá mi títí ó fi wú, ọfà kan ṣoṣo tó sì jáde kò dé ìtòsí ibi tí mo fojú sùn. Ojú tì mí níwájú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ yìí. Ṣé ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún ṣì lè kọ́ ọ? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? *Ẹni tí èjìká ń dùn.*

ÌDÁHÙN: Ẹ lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èjìká yẹn ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí pé ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọwọ́ tó ń fa ọsán nìkan ló ń ṣiṣẹ́, pé ńṣe ni èyí tó di ọrun mú kàn nà gbọọrọ síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ kan bá ń fa 45 pọ́ùn sẹ́yìn, 45 pọ́ùn kan náà ni ọwọ́ kejì ń tì síwájú, èjìká tó wà nídìí rẹ̀ ló sì ń gba ẹrù náà sára. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọwọ́ lónìí, èjìká yín kò tíì sinmi, iṣẹ́ mìíràn ni ẹ gbé fún un. Ìpalára kan wà tí fífà ń ta á lára tí títì kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé kí apá ṣáà ti gòkè dé ìwọ̀n èjìká ni ìrora bẹ̀rẹ̀, yálà ẹ ń fà tàbí ẹ ń tì. Dókítà ló lè mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ lásán ṣe ìṣesí méjèèjì fún un, ẹni tó ń fa ọsán àti ẹni tó di ọrun mú, kí ẹ sì bi í léèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá kàn sọ fún un pé ẹ ń ta ọfà, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn nípa ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Bí ó bá ti yọ̀ǹda fún yín, ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọwọ́ òsì yín kò jẹ̀bi. Ọrun ọlọ́dún 11 ni ẹ gbé fún ọwọ́ ọlọ́jọ́ kan. Ẹ wá ọrun tí agbára rẹ̀ kò ju 20 sí 25 pọ́ùn lọ, bí ó tilẹ̀ ń dà bí ohun ìṣeré lójú yín, kí ẹ sì fi ọrun àtijọ́ kọ́ sára ògiri fún ìgbà díẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé apá tí kò tíì lágbára kì í sọ fún ènìyàn pé òun kò lè fa ọrun líle, ńṣe ló máa ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú: á gbé èjìká sókè mọ́ etí, á fi ẹ̀yìn rọ̀ sẹ́yìn, á sì já ọsán gbà lójijì dípò kí ó fà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn ti di ìwà, àti tú u ká a sì le ju àtikọ́ ọ lọ. Ẹni tí kò mọ ọfà ta rí kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, torí pé kò mọ bí ọfà tó dára ṣe ń rí lára. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń sáré lọ bá a.

Kò túmọ̀ sí pé ọdún 11 náà ṣòfò. Láti ọdún 1894 ni àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé bí a bá fi iṣẹ́ kan kọ́ ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì tí a kò kọ́ a máa rí lára ànfààní rẹ̀, ní ti agbára àti ní ti àìgbọ̀n. Ẹ ti mọ ètò iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ mí, ẹ sì lè fi ojú rí àṣìṣe. Ohun tí kò bá yín kọjá sí apá kejì ni ọgbọ́n ìka, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wo ọfà tó ń já bọ́ yẹn dáadáa. Ìka mẹ́ta ni a fi ń kọ́ ọsán, ọ̀kan lókè ọfà, méjì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìka ọ̀tún yín ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé oríkèé àkọ́kọ́ nìkan ni òun ní láti tẹ̀, kí ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ kó sì dẹ̀. Ìka òsì ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù kí ọsán má bọ́, nítorí náà ó dì í mú bí ẹni tó di etí korobá tó kún fún omi mú. Bí ìka ṣe ń ká sínú ni ọsán ń yí, bí ọsán ṣe ń yí ni orí ọfà ń ṣí kúrò lórí ìkúùkù tó jókòó lé, nígbà tí ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín tún wá há ìdí ọfà mọ́ àárín, kò sí bí kò ṣe ní já bọ́. Fífún ọfà mọ́ra sí i kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ fi àlàfo tí bírò lè gbà kọjá sílẹ̀ láàárín ìka òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀yìn ọwọ́ dẹ̀.

Ẹ lè kọ́ èyí láìfọwọ́ kan ọrun rárá. Ẹ so okùn kan ní òrùka, kí ó gùn tó ìwọ̀n tí ẹ máa ń fa ọsán dé, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tì í síwájú bí ẹni di ọrun mú, kí ẹ fi ìka òsì fà á dé igun ẹnu ní apá òsì, kí ẹ sì ka ení dé ẹ̀wá kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Níwájú dígí ni kí ẹ ti ṣe é. Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu nípa dígí nígbà tí èmi náà ń kọ́ ọwọ́ òsì: bí mo bá ṣe ìṣesí ọwọ́ ọ̀tún mi tó ti mọ́ mi lára níwájú rẹ̀, ẹni tí mo ń wò nínú dígí, ọwọ́ òsì ló fi ń fà. Ó dúró dáadáa, ìgúnpá rẹ̀ gòkè tó bó ti yẹ. Mo kàn ń ṣe bí ó ti ń ṣe ni. Pẹ̀lú èjìká yín bó ṣe wà yìí, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi ṣe ti ọ̀tún.

Ní ti ọsán tó na apá yín, apá ọ̀tún ni apá ọrun báyìí, kò sì tíì mọ bí a ṣe ń yẹ̀ fún ọsán. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti ògiri, kí apá nà. Láìṣí àtẹ́lẹwọ́ kúrò, ẹ yí ìgúnpá títí kòtò rẹ̀ tó ń wo òkè yóò fi máa wo ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹran apá tó yọ síwájú yóò kúrò lójú ọ̀nà ọsán. Ẹ má sì gbàgbé láti ṣí awọ tí ẹ ń so mọ́ apá kúrò ní òsì bọ́ sí ọ̀tún. Mo sọ ọ́ nítorí pé èmi alára gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo so awọ mọ́ apá òsì tìṣọ́ratìṣọ́ra, mo sì fi apá ọ̀tún sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Nígbà tí ẹ bá dé ìdí ọfà gan-an, mítà mẹ́ta sí ibi tí ọfà yóò wọ̀ ti tó, kí ibẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa, kí ẹ má lẹ àmì kankan mọ́ ọn. Ẹ tò ara yín, ẹ fà á, ẹ di ojú, kí ẹ wá jọ̀wọ́ ọsán. Àmì ni ó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ní àkókò yìí, torí pé ojú yóò máa béèrè ibi tí ọfà lọ nígbà tó yẹ kí ara máa gbọ́ bí ó ṣe lọ. Ọfà 30 lóòjọ́ dára ju 200 lọ́jọ́ Sátidé lọ. Àwọn kan máa ń ní kí ènìyàn fi ọwọ́ òsì fọ eyín tàbí kọ̀wé kí ó lè tètè mọ́ ọn. Èmi ṣe é fún oṣù kan, n kò sì rí ohun tó ṣe fún ọfà mi, àfi pé ìfọyín gba àkókò púpọ̀ sí i.

Ẹ kò béèrè bí yóò ti pẹ́ tó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ mọ̀. Ó gbà mí ní oṣù kan àtààbọ̀ kí ọfà tó ṣíwọ́ jíjábọ́. Oṣù kẹrin ni mo tó lè dúró sí mítà 15 láìronú nípa ìka. Ọwọ́ òsì mi kò tíì ta ọfà jìnnà bíi ti ọ̀tún, ṣùgbọ́n ìgúnpá rẹ̀ kì í já wálẹ̀ nígbà tí mo bá ń fojú sùn, àṣìṣe tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ tí n kò sì rí wò sàn. Ẹni tó mọ̀ ni ó kọ́ òsì. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ẹ kọ́ níṣẹ́ máa wò yín. Wọn kò tíì rí ibi tí ọ̀gá ti ń bẹ̀rẹ̀ rí.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń fi ọwọ́ òsì ta ọfà. Mo ti gba ọrun tó fúyẹ́ bí àwọn àgbà ṣe sọ, àwọn ọfà mi àtijọ́ ni mo sì ń lò. Ìka mi ti ń gbọ́ràn, àwọn ọfà náà sì ń kóra jọ sójú kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé apá ọ̀tún àmì ni wọ́n máa ń kóra jọ sí nígbà gbogbo, bí mo ti wù kí n fara balẹ̀ tó. Kí ni mò ń ṣe tí kò dára? *Ọ̀tún ni tèmi.*

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò sí ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe tí kò dára. Ohun méjì ló máa ń gbé ọfà ọlọ́wọ́ òsì lọ sí ọ̀tún, àmì kan náà ni wọ́n jọ ń fi hàn, ìwòsàn wọn kò sì jọra rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Èkíní ni ojú. Ojú méjèèjì kì í ṣe ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ni ọpọlọ máa ń gbà gbọ́ bí a bá ń fojú sun nǹkan. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara wọn kí ihò kékeré kan ṣẹ́kù láàárín, ẹ wo nǹkan kan lókèèrè láti inú ihò náà, kí ẹ wá rọra fa ọwọ́ bọ̀ síwájú ojú láìjẹ́ kí nǹkan náà pòórá. Ojú tí ihò náà bá bọ́ sí ni ọ̀gá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún, ó túmọ̀ sí pé abẹ́ ojú òsì ni ìdí ọfà yín wà, ojú ọ̀tún ni ẹ sì fi ń tò ó. Ojú ọ̀tún yóò rí orí ọfà lórí àmì, ọkàn yín yóò balẹ̀, ṣùgbọ́n ọfà náà dábùú láti òsì kọjú sí ọ̀tún, ibi tó kọjú sí ni yóò sì lọ.

Èkejì ni ọfà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá jọ̀wọ́ ọsán, ọfà kì í lọ gbọnrangandan bí a ti ń rò. Agbára ọsán a máa tẹ̀ ẹ́, yóò máa ṣe kọ́rọkọ̀rọ bí ẹja nínú omi, títẹ̀ yẹn ni ó sì fi ń yí ara ọrun kọjá tí yóò fi padà sójú ọ̀nà. Igi ọfà gbọ́dọ̀ le ní ìwọ̀n tó bá agbára ọrun mu. Àwọn ọfà yín àtijọ́, ọrun líle ni a ṣe wọ́n fún. Ọrun tó fúyẹ́ kò lè tẹ̀ wọ́n tó, nítorí náà wọn kò yí ọrun kọjá, ńṣe ni ara ọrun ń tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì fa ọsán, tí ọfà rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún ọrun, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà ni.

Bí ẹ ó ṣe mọ èyí tó ń ṣe yín nìyí. Ẹ ta ọfà mẹ́fà pẹ̀lú ojú méjèèjì ní yíyà, kí ẹ ta mẹ́fà mìíràn pẹ̀lú ojú ọ̀tún ní dídì. Bí ìkejì bá bọ́ sí àárín, ojú ni. Bí wọn kò bá kúrò ní ọ̀tún, ọfà ni. Bí wọ́n bá rìn dé ìdajì ọ̀nà, àwọn méjèèjì ló dì mọ́ yín, èyí kò sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó pààrọ̀ ọwọ́, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n pààrọ̀ ojú àti ọrun.

Fún ọ̀rọ̀ ọfà, ẹ wá èyí tí igi rẹ̀ rọ̀ ju tàtijọ́ lọ, tàbí kí ẹ fi irin orí tó wúwo díẹ̀ sí èyí tí ẹ ní, torí pé orí tó bá wúwo a máa jẹ́ kí igi tẹ̀ sí i. Fún ti ojú, ọ̀pọ̀ ń di ojú ọ̀tún ní gbogbo ìgbà. N kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí pé dídi ojú kan a máa fún gbogbo iṣan ojú pọ̀ títí dé ọrùn, ìfúnpọ̀ yẹn á sì sọ̀ kalẹ̀ dé èjìká. Ẹ lẹ ìwé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà inú rẹ̀ kọjá mọ́ gíláàsì ọ̀tún awò ojú yín. Ojú méjèèjì á wà ní yíyà, ìmọ́lẹ̀ á máa wọlé, ṣùgbọ́n òsì nìkan ni yóò rí orí ọfà.

ÌBÉÈRÈ: Ọrun mi ní ibi tí a gé sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ọfà máa ń jókòó lé. Bí mo bá dorí rẹ̀ kodò, ibẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó bá ọwọ́ òsì mu. Ṣé n kò lè máa lò ó bẹ́ẹ̀? *Ọrun kan, ọwọ́ méjì.*

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe é. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ọrun kì í sábà tẹ̀ bákan náà. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti ṣírò ibi tí ọwọ́ yóò wà àti ibi tí ìka yóò ti fa ọsán, ó sì ti fi apá kan le ju èkejì lọ díẹ̀. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, ẹ ti da ìṣirò náà rú, ẹrù tó pọ̀ jù yóò sì bọ́ sórí apá tí a kò ṣe fún un. Ọrun tí a kò gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú, tí ọfà ń jókòó lórí ọwọ́, ni ẹ lè fi ọwọ́ méjèèjì ta láìdorí rẹ̀ kodò. Lórí irú èyí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ tó di ọrun, torí pé ìdí ìyẹ́ ọfà a máa ya awọ ọwọ́ tí kò tíì yi. Ọrun gígùn àwọn ará Japan yàtọ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọ, títí kan ọlọ́wọ́ òsì, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń dì í mú, ọ̀tún ni wọ́n sì fi ń fà á.

ÌBÉÈRÈ: Nǹkan kan kò ṣe èjìká mi, ojú mi sì dára. Ó kàn wù mí kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì ta ọfà ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àṣejù ni. Ṣé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ṣe é rí? *Alọ́wọ́ méjì.*

ÌDÁHÙN: Wọ́n ṣe é láti ayé àtijọ́. Nínú Bíbélì, ìwé Kíróníkà Kìíní, orí 12, ẹsẹ 2, àwọn ará Bẹ́ńjámínì tó wá bá Dáfídì lè fi ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì ta ọfà, kí wọ́n sì fi wọ́n sọ òkò, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ orúkọ Bẹ́ńjámínì fúnra rẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ ọ̀tún. Nínú ìtàn àwọn ará Íńdíà, ọ̀kan nínú oríkì akọni Arjuna ni Savyasachi, nítorí pé ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ ọfà ta bíi ti ọ̀tún.

Èmi kò kà á sí àṣejù. Ọfà títa jẹ́ iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ara ṣe ohun kan, tí ó ń fi ẹ̀gbẹ́ kejì ṣe òmíràn, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ ogun Mary Rose jáde lábẹ́ òkun ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1982, lẹ́yìn tó ti rì láti ọdún 1545, wọ́n bá egungun àwọn ọkùnrin kan tí eegun òkè èjìká wọn kò so pọ̀ tán bó ṣe yẹ kó so, àwọn onímọ̀ sì so èyí mọ́ ọrun tó le ju 100 pọ́ùn lọ tí wọ́n ti ń fà láti kékeré. Ọrun tiyín kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bọ́ ẹ̀wù kí ẹ wo ẹ̀yìn ara yín nínú dígí méjì, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ti ga ju èkejì lọ.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní lórí bí ẹ ó ṣe pín in. Ẹ má ṣe máa pààrọ̀ ọwọ́ láti ọfà kan sí òmíràn, nítorí pé ìka yóò dàrú, ọ̀tún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àṣìṣe òsì. Òsì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara ṣì le, kí ẹ ta gbogbo tirẹ̀ tán, kí ẹ jókòó díẹ̀, kí ẹ gbé apó ọfà àti awọ apá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó tó wá kan ọ̀tún. Lọ́jọ́ tí àkókò kò bá sì tó, ti ọ̀tún ni kí ẹ fò.